Ààlè Orí Ẹ̀rọ: Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Kìlọ̀ àti Ohun tí Ó Ń Sọ Ìkìlọ̀ Di Ariwo

Ìfáárà

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn Yorùbá ti mọ bí ènìyàn ṣe lè kìlọ̀ fún ẹlòmíràn láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó di igi jọ sí ẹ̀bá ọ̀nà, tí kò sì lè dúró ṣọ́ ọ, yóò fi ṣùkù àgbàdo, àkísà tàbí ìkarahun ìgbín kọ́ ọ lára, yóò sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ààlè ni ó pa. Ẹni tí ó bá ń kọjá lọ kò nílò àlàyé mọ́ pé igi náà ní ẹni tí ó ni ín, àti pé ohunkóhun tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó bá mú un, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi fà á. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àrokò náà ń ṣe. Owó ẹyọ méjì tí a so pọ̀ tí wọ́n kọjú sí ara wọn ń sọ ọ̀rọ̀ kan. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn sí ara wọn, ọ̀rọ̀ náà yí padà pátápátá. Nínú gbogbo èyí, ohun tí kò ní ẹnu ni ó ń bá ẹni tí ó ni etí sọ̀rọ̀.

Irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ lóde òní ju bí àwọn baba ńlá ti lè rò lọ, ẹ̀rọ ni ó sì ń ṣe é. Ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá, tí gbogbo ayé mọ̀ sí kọ̀ǹpútà, a máa ṣọ́ ara rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Bí ètò tí àwọn ènìyàn ń kọ fún un bá dàrú, a kígbe. Bí wọ́n bá fi ilẹ̀kùn kan sílẹ̀ ní ṣíṣí fún olè, a tún kígbe. Ilé-ìfowópamọ́, ilé-ìwòsàn, pápákọ̀ òfuurufú àti ilé-iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n gbára lé igbe yìí. Síbẹ̀, bí ènìyàn bá fara balẹ̀ ka ìtàn àwọn ìjàǹbá ńlá tí ó ti ṣẹlẹ̀ nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, yóò rí i pé ẹ̀rọ ti kígbe ṣáájú nínú àwọn kan lára wọn, tí igbe náà kò sì ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní.

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ pèsè ohun tí a lè fi tú ọ̀rọ̀ yìí wò. Ariwo wà, ìfilọ̀ wà, ìkìlọ̀ sì wà. Ariwo kò bìkítà fún ẹni tí ó ń gbọ́. Òjò tí ó ń rọ̀ sórí páànù ń pariwo. Ìfilọ̀ ní ẹni tí ó ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ni ó wà fún: akéde lu agogo, ẹni tí ó bá gbọ́ ti gbọ́. Ìkìlọ̀ yàtọ̀ sí méjèèjì. Lóòótọ́, lọ̀ kan náà ni ó hàn nínú ìfilọ̀ àti ìkìlọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe náà, kìlọ̀, a máa wá ẹni tí yóò bá wí: bàbá kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀, ọba kìlọ̀ fún ìjòyè. Bí ẹnìkan bá sọ pé wọ́n ti kìlọ̀, ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ tẹ̀lé e ni pé, “Fún ta ni?” Ìbéèrè kékeré yìí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń kọ ètò fún ẹ̀rọ kì í bi ara wọn.

Bí Ètò Ṣe Ń Di Odindi

Ó yẹ kí ohun tí ẹ̀rọ ń ṣọ́ kọ́kọ́ yé ni. Ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, èyí tí a ń pè ní sọ́fítíwíà, kì í ṣe ohun tí ẹnìkan jókòó kọ parí ní ìjókòó kan. Ètò ńlá kan lè pín sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì, kí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn sì máa fọwọ́ kàn wọ́n lójoojúmọ́. Èdè tí ènìyàn lè kà ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ẹ̀rọ kò sì gbọ́ èdè náà. Ètò mìíràn, tí a lè pè ní olùtúmọ̀, ni ó ń yí fáìlì kọ̀ọ̀kan padà sí èdè tí ẹ̀rọ gbọ́; lẹ́yìn èyí ni wọn yóò so gbogbo wọn pọ̀ di odindi. Iṣẹ́ ìtumọ̀ àti ìsopọ̀ yìí ni àwọn onímọ̀ fi wé ilé kíkọ́, ìkọ́pọ̀ sì ni yóò máa jẹ́ níhìn-ín.

Bí ẹni tí ó ń mọ ògiri apá kan bá yí ìwọ̀n búlọ́ọ̀kù rẹ̀ padà láìsọ fún ẹni tí ó ń mọ apá kejì, igun ilé kò ní pàdé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó ń rí nínú ètò. Ẹnìkan yí orúkọ ohun kan padà nínú fáìlì tirẹ̀, fáìlì ẹlòmíràn tí ó ń fi orúkọ àtijọ́ pè é kò rí i mọ́, ìkọ́pọ̀ dàrú. Ní 1976, Stuart Feldman, ní ilé-ìwádìí Bell Labs ní Amẹ́ríkà, ṣe ètò kan tí ó sọ ní Make, tí ó ń wo àwọn fáìlì tí wọ́n ti yí padà, tí ó sì ń tún kìkì àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn túmọ̀. Ohun tí ó bí i ni pé alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ kan fi òwúrọ̀ ọjọ́ kan ṣòfò lórí àléébù kan tí ó ti tún ṣe tẹ́lẹ̀: wọn kò tíì tún fáìlì náà túmọ̀ ni. Nígbà tí ó yá, ó di àṣà ní ọ̀pọ̀ ibi-iṣẹ́ pé kí ẹ̀rọ máa kọ́ gbogbo ètò pọ̀ fúnra rẹ̀ lálaalẹ́ nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti sùn, kí ó sì kọ ìwé sí wọn bí ó bá dàrú. Lóde òní, ọ̀pọ̀ kì í dúró de alẹ́ mọ́. Gbogbo ìgbà tí ẹnìkan bá fi àtúnṣe kan sílẹ̀ ni ẹ̀rọ ń dán an wò.

Ohùn méjì ni olùtúmọ̀ ní. Bí ó bá fi ti àkọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohun tí ó ń wí ni pé, “N kò lè tẹ̀síwájú,” yóò sì dúró níbẹ̀. Èyí kì í fa wàhálà púpọ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó lè ṣe bí ẹni pé òun kò gbọ́. Iṣẹ́ ti dúró. Ohùn kejì ni ó ń dá ọ̀ràn sílẹ̀: “Mo ń bá iṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ kọ sí ibí yìí ń fu mí lára.” Ní 1978, ní Bell Labs kan náà, Stephen Johnson ṣe ètò kan tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju ìfura yìí lọ. Lint ni ó sọ ọ́, èyí tí í ṣe orúkọ àwọn fọ́nrán òwú wẹ́wẹ́ tí ó máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Ohun tí kò ya aṣọ ṣùgbọ́n tí kò jẹ́ kí ó mọ́ ni Lint ń ṣà. Ìṣòro irú ètò bẹ́ẹ̀ ni ẹnu púpọ̀. Bí wọ́n bá gbé e lé iṣẹ́ tí ó ti pẹ́, ó lè ráhùn nígbà ẹgbẹ̀rún, kí ó má ju márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ tí ó léwu nínú gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n; òṣìṣẹ́ tí ó ń rí ẹgbẹ̀rún ìráhùn lárọ̀ọ̀wọ́tọ̀ ojú rẹ̀ lójoojúmọ́ yóò dẹ́kun kíkà á, márùn-ún tí ó léwu yóò sì bá àwọn yòókù lọ.

Ilẹ̀kùn tí Wọn Kò Tì

Ìkọ́pọ̀ lè dára, kí ewu sì wà níbòmíràn. Ilé tí wọ́n kọ́ dáadáa ṣì nílò kí onílé ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹni tí ó gbé e kalẹ̀ ni ó ń pinnu ẹni tí ó lè ka fáìlì kan àti ẹni tí ó lè yí i padà, ọ̀nà tí àlejò lè gbà wọlé, àti ọ̀rọ̀ ìwọlé tí yóò fi hàn pé òun kì í ṣe àlejò. Bí ó bá kù díẹ̀ káàtó nínú ìgbékalẹ̀ yìí, kò sí ohun tí yóò dàrú. Ẹ̀rọ yóò máa ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ títí di ọjọ́ tí olè yóò dé.

Ní 1990, Dan Farmer àti Eugene Spafford ní Yunifásítì Purdue gbé ètò kan jáde tí ó ń jẹ́ COPS. Bí ọdẹ àdúgbò ni ó ń rìn: a lọ káàkiri inú kọ̀ǹpútà, a máa fọwọ́ ti ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan wò, a sì kọ àkọsílẹ̀ ohun tí ó bá rí. Kì í ti ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Àwọn kan rí èyí bí àìpé, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ni. Ọdẹ kò mọ̀ bóyá onílé mọ̀ọ́mọ̀ ṣí ilẹ̀kùn náà sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ tí ó rìnrìn àjò. Bí ó bá tì í, ọmọ náà yóò sun ìta.

Nígbà tí Farmer àti Wietse Venema tún gbé ètò kejì jáde ní oṣù kẹrin 1995, tí ó lè ti ìta yẹ ilẹ̀kùn kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ariwo ta. Ẹ̀sùn náà ni pé ohun èlò olè ni wọ́n ń pín kiri. Kò sì ṣeé jiyàn pé ẹni tí ó lè rí ilẹ̀kùn tí ó ṣí sílẹ̀ lè sọ fún onílé, ó sì lè sọ fún olè. Orúkọ tí wọ́n fún un, SATAN, kò ran ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ rárá. Wọ́n tilẹ̀ fi ètò kékeré kan sí i tí ń jẹ́ “ronú pìwà dà”, tí ẹni tí orúkọ náà bá ń bà lẹ́rù lè fi yí i padà sí SANTA, ìyẹn Bàbá Kérésì. Àwàdà náà dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọ ọmọ rẹ̀ ní Èṣù kò yẹ kí ó bínú bí aládùúgbò bá ń sá.

Ímeèlì 97

Àpẹẹrẹ tí ó fi ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìfilọ̀ àti ìkìlọ̀ hàn jù lọ ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹjọ, 2012. Knight Capital jẹ́ ilé-iṣẹ́ tí ó ń bá àwọn ènìyàn ra ìpín-ìdókòwò, tí ó sì ń bá wọn tà á. Kọ̀ǹpútà mẹ́jọ ni ó ń gba àṣẹ àwọn oníbàárà tí ó sì ń pín in lọ sí ọjà. Ní ọjọ́ yẹn, ọjà ìpín-ìdókòwò New York fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ètò tuntun kan, Knight sì ti kọ sọ́fítíwíà tuntun sílẹ̀ dè é. Láti ọjọ́ 27 oṣù keje ni wọ́n ti ń gbé e sórí àwọn kọ̀ǹpútà náà. Òṣìṣẹ́ tí ó ṣe iṣẹ́ náà gbé e sórí méje, ìkẹjọ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò sí ẹnìkejì tí wọ́n yàn láti yẹ iṣẹ́ náà wò.

Lórí kọ̀ǹpútà kẹjọ yìí, ògbólógbòó ètò kan ṣì wà, Power Peg ni orúkọ rẹ̀. Láti 2003 ni Knight kò ti lò ó mọ́, ṣùgbọ́n wọn kò yọ ọ́ kúrò. Sọ́fítíwíà tuntun náà sì lo àmì kan tí ó jẹ́ ti Power Peg láyé ọjọ́un. Àmì kan náà, lórí kọ̀ǹpútà méje, túmọ̀ sí “ètò tuntun, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́”. Lórí ìkẹjọ, ó túmọ̀ sí “Power Peg, dìde”. Bí àrokò bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ìtumọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tí ó fi ránṣẹ́, irú ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Èyí tí ó tún burú jù ni pé ní 2005 wọ́n ti ṣí apá tí ó ń ka iye tí a ti rà tàbí tí a ti tà nípò, Power Peg kò sì lè mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun dúró mọ́.

Ní nǹkan bí aago mẹ́jọ òwúrọ̀ kọjá ìṣẹ́jú kan, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí kígbe. Kí ọjà tó ṣí ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, ímeèlì 97 ni ó ti fi ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ Knight. Gbólóhùn tí ó wà nínú wọn kò ju pé wọ́n ti pa Power Peg, kò sí lẹ́nu iṣẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan àbọ̀ tí àyè fi wà láti ṣe nǹkan sí i. Kò sí ẹni tí ó ṣe é.

Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ó ń bójú tó ọjà ìpín-ìdókòwò wádìí ọ̀rọ̀ náà, ó sì sọ nínú àṣẹ tí ó gbé jáde ní oṣù kẹwàá 2013 pé Knight kò ṣètò irú ímeèlì bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìtanilólobó, àti pé àwọn òṣìṣẹ́ kì í sábà kà wọ́n nígbà tí wọ́n bá dé. Ẹ jẹ́ kí a yẹ gbólóhùn náà fúnra rẹ̀ wò. Kò dárúkọ ẹni tí ó ń bá wí. Kò sọ kọ̀ǹpútà tí ọ̀ràn wà. Kò sọ ewu tí ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, bí ìròyìn ayọ̀ ni ó ń dún: ohun tí wọ́n ti pa, kí ni ó tún lè ṣe fún ẹnikẹ́ni? Ẹni tí ó bá tilẹ̀ ka gbogbo 97 náà láti òkè délẹ̀ lè mí kanlẹ̀, kí ó sì tẹ̀síwájú nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ọjà ṣí. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 45, àṣẹ àwọn oníbàárà 212 di káràkátà tí ó ju mílíọ̀nù mẹ́rin lọ, lórí ìpín-ìdókòwò oríṣi 154. Ìpín tí ó pààrọ̀ ọwọ́ lé ní mílíọ̀nù 397. Nígbà tí jìnnìjìnnì mú àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n rò pé sọ́fítíwíà tuntun ni ó ń ṣe wọ́n báyìí, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà méje tí ó wà létòlétò. Ohun tí ó ń ṣe ìkẹjọ wá ràn mọ́ gbogbo wọn. Àdánù Knight ju mílíọ̀nù 460 dọ́là lọ. Àjọ náà sì bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 12 lé e. Kí 2013 tó parí, ilé-iṣẹ́ náà ti dàpọ̀ mọ́ òmíràn, kò dá dúró mọ́.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ọdẹ ni òwe náà sábà máa ń gbè. Nínú ọ̀ràn Knight, ọ̀dọ̀ ọdẹ gan-an ni ó yẹ kí ìbéèrè kọjú sí: irú fèrè wo ni ó fọn, tí ajá ìbá fi mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè?

Ìkìlọ̀ tí Wọ́n Pa Lẹ́nu Mọ́

Ó lè dà bí ẹni pé bí òṣìṣẹ́ bá ti ka ìkìlọ̀, tí ó sì ṣe nǹkan sí i, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Debian fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Debian jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn olùyọ̀ǹda-ara káàkiri ayé tí wọ́n ń pèsè ètò ìpìlẹ̀ fún kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́. Lára ohun tí wọ́n ń kó jọ ni OpenSSL, tí ó ń rọ kọ́kọ́rọ́ tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń ti ọ̀rọ̀ àṣírí pa. Nọ́ḿbà gbọọrọ ni kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo agbára rẹ̀ sì wà nínú pé kò sí ẹni tí ó lè méfò rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹni tí ń po àgúnmu, OpenSSL a máa kó oríṣiríṣi ohun tí kò ṣeé mọ̀ tẹ́lẹ̀ sínú ìkòkò kan, a pò wọ́n pọ̀, a sì bu nọ́ḿbà jáde láti inú rẹ̀.

Ní 2006, ẹni tí ń tọ́jú OpenSSL fún Debian rí i pé Valgrind ń ráhùn. Valgrind ni ètò tí ó máa ń dúró ti ètò mìíràn lẹ́nu iṣẹ́, tí ó sì máa ń kìlọ̀ bí ó bá lọ bu nǹkan nínú igbá tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi nǹkan sí. Ibi méjì ni ìráhùn náà ti ń wá, ìlà méjèèjì nínú ètò náà sì jọ ara wọn bí ìbejì. Ọ̀kan nínú wọn kò ṣe pàtàkì púpọ̀. Pàǹtírí inú igbá òfìfo ni ó ń dà mọ́ àgúnmu, bóyá ó wà bóyá kò sí, kò sí ohun tí yóò bàjẹ́. Èkejì ni ẹnu ìkòkò gan-an, ibi tí gbogbo èlò ń gbà wọlé. Olùtọ́jú náà kò dá ìpinnu ṣe. Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó ń kọ OpenSSL, èsì tí ó sì rí gbà kò dá a lọ́wọ́ kọ́. Ó yọ ìlà méjèèjì kúrò.

Ìráhùn dáwọ́ dúró. Ìkọ́pọ̀ lọ geere. Ètò náà ń rọ kọ́kọ́rọ́, àwọn kọ́kọ́rọ́ náà ń ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì ń ṣí i. Ṣùgbọ́n ẹnu ìkòkò ti dí. Ohun kan ṣoṣo tí ó kù tí ó ń yàtọ̀ láti ìgbà dé ìgbà ni nọ́ḿbà tí kọ̀ǹpútà ń fún ètò kọ̀ọ̀kan bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nọ́ḿbà yìí kò sì lè ju 32,768 lọ. Kọ́kọ́rọ́ tí ó yẹ kí gbogbo ọjọ́ ayé má tó fún olè láti méfò wá di ohun tí ó lè tò jọ sílẹ̀, kí ó máa dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí tí ọ̀kan yóò fi wọlé. Láti oṣù kẹsàn-án 2006 tí ẹ̀dà náà ti jáde, títí di ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún 2008 tí Debian kéde rẹ̀, kò sí ẹ̀rọ kan tí ó ráhùn. Ubuntu, tí a gbé ka orí Debian, fara gbá a pẹ̀lú. Títún ètò náà ṣe nìkan kò sì tó: gbogbo kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ti fi rọ ní ogún oṣù náà ni wọ́n níláti kó dànù, níbikíbi tí wọ́n bá wà.

Valgrind kò parọ́. Ohun tí ó sọ ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ní ibi méjèèjì. Àmọ́ ohun tí ojú rẹ̀ rí nìkan ni ó lè sọ. Kò mọ ìdí tí ohun náà fi wà níbẹ̀. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ á di odindi, ṣùgbọ́n ààbọ̀ tí ó kù yẹn níláti ti wà nínú olùgbọ́ tẹ́lẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ohun tí yóò fi dí àlàfo náà ni ìfẹ́ tí ó ní pé kí igbe dáwọ́ dúró. Àwọn ibi-iṣẹ́ kan ti pàṣẹ fún olùtúmọ̀ wọn pé kí ó sọ gbogbo ìfura di ìdádúró, kí ẹnikẹ́ni má baà lè fojú fo ìkìlọ̀ dá. Àṣẹ náà ní àǹfààní tirẹ̀, ó sì ní ewu tirẹ̀: ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dúró nítorí ìfura kan yóò wá bí ìfura náà yóò ṣe panu mọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, ohun tí yóò sì yọ kúrò lè jẹ́ ẹnu ìkòkò.

Ọdẹ tí Kò Lu Irin Mọ́

Ní àwọn àdúgbò ìlú ńláńlá, ọdẹ òru a máa lu irin lára òpó iná láti ìgbà dé ìgbà, kí àwọn tí ó wà nínú ilé lè mọ̀ pé ó ṣì lajú. Bí wọn kò bá gbọ́ ọ mọ́, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti di ìkìlọ̀. Ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà kì í sábà ní àṣà yìí àfi bí wọ́n bá kọ́ ọ.

Ní oṣù kẹta 2017, àwọn tí ó ni sọ́fítíwíà kan tí ń jẹ́ Apache Struts kéde pé ihò kan wà lára rẹ̀ tí olè lè gbà wọlé, wọ́n sì pèsè ohun tí a ó fi dí i. Equifax, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tí ó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ bí àwọn ènìyàn ṣe ń yáwó tí wọ́n sì ń san án, fi ìkìlọ̀ náà ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ìwé orúkọ tí wọ́n fi pín in ti gbó. Àwọn tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ wọn kò sí nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n rán ẹ̀rọ kí ó wá ihò náà káàkiri, kò rí i. Ní oṣù karùn-ún, olè gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ̀rọ tí ó yẹ kí ó máa yẹ ẹrù tí ó ń jáde wò wà lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀rí tí ó fi ń ṣí ẹrù náà ti kọjá ọjọ́ rẹ̀ láti ọ̀pọ̀ oṣù sẹ́yìn, nítorí náà ó kàn ń wo ẹrù bí ó ti ń kọjá ni. Ọjọ́ tí wọ́n tún ìwé-ẹ̀rí náà ṣe ní ìparí oṣù keje ni ó tó figbe ta. Àkọsílẹ̀ nǹkan bí mílíọ̀nù 147 ènìyàn ti bá olè lọ.

Ta Ni Ìkìlọ̀ Ń Bá Wí?

Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí dáadáa ti ń fi orúkọ ẹnìkan pàtó ti apá kọ̀ọ̀kan nínú ètò, kí ìkìlọ̀ lè lọ sọ́dọ̀ ẹni náà nìkan. Bí kò bá fèsì láàárín àkókò tí wọ́n dá, ọ̀rọ̀ yóò lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó jù ú lọ. Wọ́n tún ń kọ́ ẹ̀rọ tí ń ṣọ́nà láti máa lu irin tirẹ̀. Gbogbo èyí dára, ọ̀rọ̀ ètò ni. Ó ku ọ̀rọ̀ èdè, níbi tí àwọn tí ó ń sọ ìkìlọ̀ kọ̀ǹpútà di Yorùbá ti ń bá ìṣòro pàdé, èyí tí ẹni tí ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà.

Àkọ́kọ́ ni àṣìṣe. Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n sábà máa ń lò fún gbogbo ohun tí ó bá mú kí ẹ̀rọ dúró. Ṣùgbọ́n àṣìṣe ní ẹni tí ó ṣì í ṣe. Bí ẹ̀rọ bá kọ ọ́ sójú ẹni tí kò ṣe nǹkan kan ju pé iná lọ lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ̀bi ni ó di rù ú, ẹni tí a sì dá lẹ́bi kì í fetí sílẹ̀. Ìdíwọ́ ìbá sàn jù ní irú ibi bẹ́ẹ̀.

Èkejì lágbára jù ú lọ. Ẹni tí ń pàṣẹ ní Yorùbá gbọ́dọ̀ yan o tàbí ẹ. Ẹ̀rọ kò mọ ọjọ́ orí ẹni tí ó jókòó síwájú rẹ̀, ó sì dájú pé kò sí àgbàlagbà tí yóò fẹ́ kí irin máa pe òun ní o. Ẹ ni ó yẹ. Àmọ́ ẹ kan náà ni a fi ń bá ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ̀rọ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá kọ ọ́ pé “Ẹ ti ilẹ̀kùn”, tí ó sì fi ránṣẹ́ sí ogún ènìyàn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè gbà pé gbogbo wọn ni ó ń bá wí, kí ó sì dúró de àwọn yòókù. Ọ̀wọ̀ ti sọ ìkìlọ̀ di ìfilọ̀ láìmọ̀. Ọ̀nà àbáyọ kò ju pé kí ìkìlọ̀ Yorùbá máa fi orúkọ tàbí oyè ẹni tí ó ń bá wí ṣíwájú, bí ìgbà tí ọmọdé bá ń jíṣẹ́ fún àgbà. Ẹ̀rọ tí wọ́n bá kọ́ láti fi ohun tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà mẹ́jọ wé ara wọn ìbá lè kọ ímeèlì kan ṣoṣo ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ Knight, dípò 97: “Alábòójútó kọ̀ǹpútà kẹjọ: sọ́fítíwíà tuntun wà lórí méje, kò sí lórí tiyín. Power Peg ṣì wà níbẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí kọ̀ǹpútà yìí gba àṣẹ kankan nígbà tí ọjà bá ṣí ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀.”